Ọ̀pá àsosórí àti ọ̀pá oníkákùn: ọ̀gọ kọ́ ló yẹ kó wọ̀ ọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni bí a ó ṣe ya pole àti rod, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjì, sọ́tọ̀ lédè Yorùbá tí a bá ń sọ̀rọ̀ ẹja pípa létí omi. Ẹnì kan ní kí pole jẹ́ ọ̀pá, kí rod jẹ́ ọ̀gọ, nítorí bí Bíbélì ṣe tò wọ́n nìyẹn nínú Sáàmù 23. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Kùmọ̀ olùṣọ́ àgùntàn ni ọ̀gọ: ó kúrú, ó ki, kì í tẹ̀. Ọ̀pá ìpẹja tí kì í bá tẹ̀, okùn rẹ̀ ni yóò máa já.

Ibi tí okùn dúró sí ló ya àwọn méjèèjì. Ti àkọ́kọ́, ìyẹn pole, orí ọ̀pá la so okùn mọ́, ó parí síbẹ̀. Ọ̀pá àsosórí nìyẹn. Ti ìkejì, ìyẹn rod, okùn ń gba inú òrùka ara ọ̀pá wá sí ẹ̀rọ tó ń ká a jọ nítòsí ọwọ́. Ẹ jẹ́ ká pe ẹ̀rọ yẹn ní ìkákùn, kí ọ̀pá rẹ̀ jẹ́ oníkákùn. "Ọ̀pá oníkẹ̀kẹ́" tí àwọn kan dábàá kò burú, àmọ́ l'Ábújá níbí, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kó èrò ni yóò kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn.

Ẹ fi iṣẹ́ dán orúkọ wò. Bí epìyà bá ń jẹ̀ lẹ́bàá koríko adágún Jábì, ní nǹkan bíi mítà 3 síni, àsosórí ló yẹ. Oparun gbígbẹ mítà 4 tó. Kí okùn fi sẹ̀ǹtímítà 30 kúrú sí i, kí ìwọ̀ lè bọ́ síni lọ́wọ́ tí a bá gbé ọ̀pá nàró. Bí okùn bá gùn jù ú lọ, a ó gbé ọ̀pá tán, ẹja á ṣì wà nínú koríko, á sì tú. A kì í ju ìdẹ rẹ̀, ńṣe là ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ wẹ́rẹ́. Oníkákùn ní láti ju òjé tó wà lára okùn, omi á dún, ẹja á sá. Atẹ́gùn á tún fẹ́ okùn tó dẹ̀, ọwọ́ ò ní tètè mọ̀ pé ẹja ti bù ú jẹ.

Ṣùgbọ́n àsosórí kò ní okùn àfikún. Bí àrọ̀ kílò 3 bá gbé ìwọ̀ rẹ̀ mì, tó sì dorí kọ gbòǹgbò, nínú kí okùn já àti kí orí ọ̀pá kán, ọ̀kan ni. Ìkákùn ní ìjánu tó ń jọ̀wọ́ okùn fún ẹja. Okùn tó lè gbé kílò 4, kí ìjánu rẹ̀ máa jọ̀wọ́ ní bíi kílò 1. Ẹni tó bá fún ìjánu pa ti sọ oníkákùn di àsosórí.

Ẹnì kan lè ní ọ̀pá àwọn ará England ńkọ́, èyí tó gùn tó mítà 13, tí rọ́bà wà nínú ihò orí rẹ̀? Rọ́bà ló ń nà bí ẹja bá fà, orí náà ṣì ni okùn so mọ́. Àsosórí ni.

Kí "ọ̀pá ìpẹja" máa jẹ́ orúkọ àpapọ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó sàn ju "òrùka" lọ fún ibi tí okùn ń gbà kọjá, kó jọ̀ọ́ mú un wá.