Ẹ gbà mí o: rìmóòtù àláàmù ọkọ̀ mi kò dé ìsàlẹ̀ mọ́

Ìyá Ìbejì (Chicago): Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Rìmóòtù tó ń bá mi tan ọkọ̀ kò ṣiṣẹ́ láti àjà kẹta mọ́. Kíṣìnì ni mo ti máa ń tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ á ti gbóná kí n tó gbé àwọn ọmọ sọ̀ kalẹ̀. Ní báyìí, àfi kí n dé ẹnu ọ̀nà ìsàlẹ̀, ìbejì oṣù mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ mi, yìnyín sì ti dé. Ẹni tó bá mi ṣe àláàmù náà ní kí n mú 200 dọ́là wá, òun fẹ́ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Ṣé mo lè fi wáyà fa àńtẹ́nà rẹ̀ gùn fúnra mi? Ìkejì, ó tún ń ké lóru láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ẹ dákun, ẹ dá mi lóhùn kí n tó sanwó.

Ṣẹ́gun (Minneapolis): Ẹ kú ọwọ́ lómi o, mà. Ẹ má tíì sanwó, ẹ má sì tíì fọwọ́ kan wáyà. Ẹ ṣí ẹ̀yìn rìmóòtù, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára bátìrì. Bí ó bá jẹ́ CR2032, tuntun máa ń lé ní 3 volt lórí mítà. Bí tiyín bá ti wálẹ̀ sí 2.8, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Otútù máa ń sọ irú bátìrì pẹlẹbẹ bẹ́ẹ̀ di ọ̀lẹ, àpò ẹ̀wù ni kí rìmóòtù máa gbé. Èyí tí ẹ bá yọ, ẹ tètè kó o kúrò nílẹ̀. Bí ọmọdé bá gbé e mì, ewu ńlá ni.

Rewáyà (Houston): Òótọ́ ni Ṣẹ́gun sọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yọjú sábẹ́ dáṣíbọọ̀dù, nítorí oríṣi àńtẹ́nà méjì ló wà. Bí ẹ bá rí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó jáde lára àpótí àláàmù tí orí rẹ̀ kò wọ ibì kankan, àńtẹ́nà nìyẹn. Ẹ má gé e, ẹ má sì fà á gùn. Ìwọ̀n ìgbì ni wọ́n fi gé e: 315 MHz ni ọ̀pọ̀ rìmóòtù Amẹ́ríkà ń lò, ìdá mẹ́rin ìgbì rẹ̀ sì tó 23.8 sẹ̀ǹtímítà. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, 433.92 MHz ni, tiwọn jẹ́ 17.3. Àṣìṣe tí mo ń rí jù ni pé wọ́n á ká wáyà yẹn mọ́ ìdì wáyà yòókù, wọ́n á dè é pa. Ẹ tú u, ẹ nà án gbọọrọ, ẹ gbé e sókè, kó jìnnà sí irin.

Ọmọ Ìbàdàn (Peckham): Ẹ̀gbọ́n, mi ò gbà. Nílé, bí rédíò bá ń han, wáyà la máa ń so mọ́ ọn, ohùn á sì mọ́ ketekete. Kí ló dé tí tọkọ̀ fi yàtọ̀?

Rewáyà (Houston): Ìgbì rédíò FM tó nǹkan bíi mítà 3, ìdá mẹ́rin rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà kan. Wáyà tí ẹ so mọ́ ọn bá a mu ni. Ẹ so ìwọ̀n yẹn mọ́ 315 MHz, kò bá a mu mọ́, á tún máa kó ariwo ṣájà àti ti ẹ́ńjìnnì wọlé. Mo ti ṣe é sí ọkọ̀ oníbàárà rí: àádọ́ta ìṣísẹ̀ di méjìlá, owó iṣẹ́ náà sì wọmi. Gíga ni àńtẹ́nà ń fẹ́, kì í ṣe gígùn.

Àbẹ̀ní (Baltimore): Oríṣi kejì ló jẹ owó tèmi. Àpótí dúdú kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú, tí okùn rẹ̀ ní pínnì mẹ́rin. Mo gé okùn náà láti fi wáyà kún un, mo so pupa mọ́ dúdú, ó kú fin-ín-fin-ín. Inú àpótí òkè yẹn ni ẹ̀rọ tó ń gba ìgbì wà, iná ló ń gba inú okùn gòkè. Ẹ ra okùn gígùn tí àwọn tó ṣe é ń tà.

Rewáyà (Houston): Ẹ ṣeun, Àǹtí Àbẹ̀ní. Bí ó bá jẹ́ oríṣi kejì, òkè gíláàsì ni ààyè rẹ̀, lẹ́yìn dígí tí a fi ń wo ẹ̀yìn, kó fi sẹ̀ǹtímítà 5 jìnnà sí irin lọ́tùn-ún lósì. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ tíńtì onírin. Gíláàsì míì ní irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nínú tó ń dá ooru oòrùn padà. Nínú irú rẹ̀, wọ́n sábà máa ń fi ojú kan sílẹ̀ lẹ́bàá dígí náà, tí àwọn àmì tó-tò-tó dúdú yí ká, fún ike owó títì. Ojú yẹn ni kí ẹ lò. Ẹ fi spirit nù ún, ẹ jẹ́ kí hítà mú gíláàsì lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Gọ́ọ̀mù kì í mú gíláàsì tútù. Okùn tó ń gba òpó ẹ̀gbẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀yìn airbag ni kó gbà, kò gbọdọ̀ kọjá níwájú rẹ̀ láé. Ẹ yọ orí bátìrì ọkọ̀ kí ẹ tó ṣí òpó náà, kí ẹ dúró ìwọ̀n ìṣẹ́jú tí ìwé ọkọ̀ yín bá sọ.

Ọmọ Ìbàdàn (Peckham): Ó dáa, mo gbà. Ẹ̀yin ti London, ẹ rántí MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún: ibi tí wáípà ń nù, ìbú mìlímítà 290 tó kọjú sí sítíárìn, kò gbọdọ̀ sí ìdènà níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ keyless, èyí tí ọkọ̀ ń ṣí bí ó bá ti sún mọ́ ọn, ńkọ́, ẹ má wá bó ṣe máa dé ọ̀nà jíjìn o. Ohun tí olè ń wá gan-an nìyẹn. Inú àpò onírin ni kó máa sùn.

Ṣẹ́gun (Minneapolis): Kí Ìyá Ìbejì tó tú ohunkóhun, ẹ yọ dashcam (kámẹ́rà inú ọkọ̀) àti ṣájà USB kúrò nínú ọkọ̀, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ tún ṣí fèrèsé, ẹ tẹ̀ ẹ́. Gíláàsì ilé òde òní ní irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nínú, ó ń dá ìgbì dúró. Ẹ gbé rìmóòtù sókè dé orí, tàbí kí ẹ fi ti àgbọ̀n. Àwọn tí ọkọ̀ wọn wà nínú gàréèjì, ẹ má tàn án láti òkè, èéfín rẹ̀ ń pààyàn láìrùn. Àwọn ará Houston ò mọ̀ pé otútù wà. Kí ni wọ́n ń fi rìmóòtù tan ọkọ̀ ṣe?

Rewáyà (Houston): A fi ń mú un tutù ni! Ẹ wá jókòó sórí àga aláwọ nínú oṣù kẹjọ kí ẹ wò ó.

Ìyá Ìbejì (Chicago): Ẹ̀yin èèyàn mi! Mo ṣí fèrèsé kíṣìnì, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, iná ọkọ̀ tàn. Onílé pààrọ̀ gíláàsì wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ igbe òru yẹn ńkọ́?

Ọmọ Ìbàdàn (Peckham): Ọ̀rọ̀ gíga yìí ti mú mi rántí ọ̀pá ọparun tí a máa ń so àńtẹ́nà mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ìlú wa ló kọ́kọ́ ní tẹlifíṣọ̀n ní Nàìjíríà, 1959, ẹ má gbàgbé o.

Àbẹ̀ní (Baltimore): Ìbàdàn, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀! Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ọ̀pá yẹn? Ẹnìkan á wà lóde, á máa yí i, gbogbo ilé á máa ké: "Ó ti mọ́! Dúró bẹ́ẹ̀! Ó tún ti lọ!"

Ṣẹ́gun (Minneapolis): Tẹ́ni tó wà lóde bá ti jọ̀wọ́ rẹ̀ báyìí, yìnyín ojú tẹlifíṣọ̀n á dé.

Rewáyà (Houston): Ẹni tó wà lóde kì í rí eré yẹn wò títí tó fi máa parí.