Iṣẹ́ éjẹ́ńtì agbábọ́ọ̀lù ní UK: kí ló yẹ kéèyàn mọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Ìbàdàn, Manchester
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Nílé, mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní bọ́ọ̀lù kí n tó wá síbí wá máa ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó. Bọ́ọ̀lù ò tíì kúrò lọ́kàn mi, mo fẹ́ di éjẹ́ńtì. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ọmọkùnrin kan n'Íbàdàn, ọmọ ọdún 15, ó mọ bọ́ọ̀lù gbá gan-an. Òun ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ibo ni mo ti máa gba ìwé àṣẹ, èló ló sì máa ná mi?

Ẹ̀gbọ́n Peckham
Àbúrò, o káre tó o kọ́kọ́ béèrè. Iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe ní London. FIFA ló ń fúnni níwèé àṣẹ, èèyàn ni wọ́n sì ń fún, wọn kì í fún ilé iṣẹ́. Láti October 2023, ẹnikẹ́ni tó bá máa ṣojú agbábọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ ní in, ì báà jẹ́ bàbá ọmọ tàbí lọ́yà. Torí náà, pé ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ ni kò yọ ẹ́ sílẹ̀.

Orí ìkànnì FIFA lo ti máa forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò. Ìbéèrè 20 ni, wákàtí kan, o sì gbọ́dọ̀ gba 15 ó kéré tán. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2023, wọ́n gbà kéèyàn ṣí ìwé òfin wò, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ló fìdí rẹmi, torí ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ló kan ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Wọ́n lè ní agbábọ́ọ̀lù kan ti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn lọ́mọ ogún ọdún: èwo nínú àwọn kíláàbù tó kọ́ ọ ló máa gbowó? Ẹni tí kò bá ti mọ ibi tó wà nínú ìwé ò ní rí i kí àkókò tó tán.

Tó o bá yege, $600 lò ń san lọ́dọọdún. Lẹ́yìn náà lo máa lọ sọ́dọ̀ FA, àjọ bọ́ọ̀lù England, torí wọ́n ní ìlànà tiwọn láti January 2024.

Ní ti owó, jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní agbábọ́ọ̀lù kan ní League Two (ìpele kẹrin líìgì England) ń gba £1,000 lọ́sẹ̀, tó sì gbà láti fún ẹ ní 5%. £52,000 lọ́dún nìyẹn, tìẹ nínú ẹ̀ jẹ́ £2,600, kó o tó san owó orí, kó o tó ra epo sí mọ́tò. Àdéhùn yín ò sì gbọ́dọ̀ ju ọdún méjì lọ. Má fiṣẹ́ tó ò ń ṣe sílẹ̀ o.

Ìyá Ìbejì, Leeds
Ẹ jọ̀ọ́, irú físà wo lẹ ní? Físà iṣẹ́ ìtọ́jú, abẹ́ Skilled Worker ló wà, kò sì gbà kéèyàn kàn dáṣẹ́ ara ẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wù ú. Físà Student náà ò gbà á. Ẹ ka ìwé yín, ẹ ṣe ìdánwò, àmọ́ ẹ má bá agbábọ́ọ̀lù kankan tọwọ́ bọ̀wé títí ẹ ó fi gba ILR (ìwé ìgbélùú títí lọ), tàbí kí lọ́yà tó mọ̀ nípa físà fọwọ́ sí i fún yín. Kọmíṣọ́nnù kankan ò tó ohun téèyàn ń torí ẹ̀ ba ìwé ìgbélùú ẹ̀ jẹ́.

Lọ́yà Houston
Ẹni tó bá ń ronú nípa NFL, líìgì bọ́ọ̀lù alọ́wọ́gbá ti Amẹ́ríkà, lọ́dọ̀ tiwa níbí, NFLPA, ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù náà, lẹ máa lọ bá. Wọ́n á béèrè dìgírì kejì tàbí ti òfin, fọ́ọ̀mù jẹ́ $2,500, ìdánwò wà, kọmíṣọ́nnù ò sì gbọ́dọ̀ ju 3% lọ. Ẹ má fún ọmọ yunifásítì tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní ohunkóhun kó lè bá yín ṣe, ì báà jẹ́ bàtà. SPARTA, òfin Amẹ́ríkà ti 2004 lórí àwọn éjẹ́ńtì, kà á léèwọ̀.

Ọmọ Ìbàdàn, Manchester
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá ńkọ́? Ọkùnrin kan ti sọ fún ìyá ẹ̀ pé òun á gbé e wá dán bọ́ọ̀lù wò ní kíláàbù kan ní London, kó mú mílíọ̀nù kan ààbọ̀ náírà wá.

Ẹ̀gbọ́n Peckham
Pe ẹ̀gbọ́n ẹ lálẹ́ yìí, kó má san kọ́bọ̀! FIFA ò gbà kí ọmọ tí kò tíì pé 18 ti orílẹ̀-èdè kan lọ gbá bọ́ọ̀lù ní òmíràn, àfi ní ìwọ̀nba ọ̀nà díẹ̀, bíi kí àwọn òbí ẹ̀ ṣí lọ síbẹ̀ nítorí ohun tí kò kan bọ́ọ̀lù. Láti 2021, lẹ́yìn Brexit, kíláàbù England ò lè gba ọmọ tí kò tíì pé 18 láti Faransé pàápàá, ká má tíì sọ Ìbàdàn. Tó bá pé 18, FA ṣì máa ka àmì kí wọ́n tó gbà kó wá gbá bọ́ọ̀lù ní England: bó ṣe ń gbá fún orílẹ̀-èdè ẹ̀ sí, irú líìgì tó wà.

Ìwọ náà, kódà tó o bá gba ìwé àṣẹ lọ́la, o ò lè bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣàdéhùn títí á fi ku oṣù mẹ́fà kó tó ọjọ́ orí tí wọ́n ti lè buwọ́ lu ìwé agbábọ́ọ̀lù olówó oṣù lórílẹ̀-èdè tó wà. Òbí ẹ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ẹ̀kọ́ pàtàkì kan sì tún wà lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé tó o gbọ́dọ̀ ṣe.

Ohun tó o lè ṣe fún un báyìí ni kó forúkọ sílẹ̀ ní kíláàbù tí NFF, àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, mọ̀, kí ìyá ẹ̀ sì tọ́jú ìwé ọjọ́ ìbí ẹ̀ dáadáa. Láti ọdún tí ọmọ bá pé ọmọ ọdún 12 ni wọ́n ti ń ka owó ìkọ́ni fún àwọn kíláàbù tó kọ́ ọmọ, àkọsílẹ̀ yẹn ni wọ́n á wò lọ́jọ́ iwájú. Ní ti ọkùnrin yẹn, gba orúkọ ẹ̀ lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́, kó o wá a lórí àkójọ orúkọ àwọn éjẹ́ńtì tí FIFA gbé síta lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí kò bá sí níbẹ̀, kí ìyá ọmọ fi gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ lórí WhatsApp pa mọ́, kó sì gbé e lọ fún ọlọ́pàá.