Ẹ̀ka kọ́ ni: èsì lórí ohun tí a ó máa pe "chapter"

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò wa kan níbí ní Ilé-Ifẹ̀ béèrè ohun tí a lè máa pe "chapter" ní Yorùbá (ẹgbẹ́ tó ń bá àjọ ńlá kan ṣiṣẹ́ ni mo ní lọ́kàn, kì í ṣe orí ìwé), nítorí àwa tí a ń fi ọwọ́ ara wa ya ìlú yìí sórí OpenStreetMap, máàpù ọ̀fẹ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ń rò ó bóyá ká dá ọ̀kan sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wa ní Iléṣà dáhùn kíá: "Ẹ̀ka ni. Kí ló le níbẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ó le.

Bí a bá ti pe nǹkan ní ẹ̀ka, a ti gbà pé igi kan wà níbì kan. Oje igi ni ẹ̀ka ń mu. Bí a bá gé e, igi ìdáná ló kù. Báǹkì ní ẹ̀ka, ìjọ ní ẹ̀ka, nítorí olú-iléeṣẹ́ ló ń rán ọ̀gá wá, òun náà ló sì lè ti ilẹ̀kùn pa. OpenStreetMap ò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 2004 ni iṣẹ́ máàpù náà bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì; ó di 2006 kí wọ́n tó dá àjọ tó ń gbé e ró, OpenStreetMap Foundation, sílẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá di "local chapter" rẹ̀ dá dúró lábẹ́ òfin ilẹ̀ tirẹ̀. Àdéhùn lásán ló bá àjọ náà tọwọ́ bọ̀. Ní Ítálì, Wikimedia Italia ló wà nípò yẹn, ẹgbẹ́ tó ti wà láti 2005 nítorí Wikipedia. Ní Jámánì, FOSSGIS ni, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe sọ́fúwíà àwòrán ilẹ̀ tó wà fún gbogbo ayé. Èwo nínú méjèèjì ló hù lára igi?

Ohun tó mú mi máa janpata lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ìpàdé wa. Bí wọ́n ṣe dárúkọ "ẹ̀ka" báyìí, ẹnìkan béèrè láti ẹ̀yìn pé, "Èló ni àwọn òyìnbó yóò máa fi ránṣẹ́ lóṣooṣù?" Ẹlòmíràn ní òun ò ní gbàṣẹ lọ́wọ́ òyìnbó kankan. Wákàtí kan gbáko la fi jà lórí owó tí kò sí àti àṣẹ tẹ́nikẹ́ni ò pa.

Kí ni a tiẹ̀ ń ṣe? Ní Sátidé, àwa bíi mẹ́jọ á kó fóònù dání, a ó rìn láti Mayfair dé Sábó, a ó máa kọ orúkọ òpópónà, kànga, mọ́ṣáláṣí, ilé oògùn. Bó bá tún yá, a ó kọjá sí Modákẹ́kẹ́, nítorí àwọn ará ibẹ̀ ti wá bá wa ṣe tiwa. Àáró ni bàbá mi, àgbẹ̀ kòkó, yóò pe èyí. Kò jẹ́ pè é ní ọ̀wẹ̀. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ló ń se oúnjẹ, bí iṣẹ́ bá sì ti tán, ọ̀rọ̀ tán. Gbèsè wà nínú àáró: o ṣe tèmi lónìí, mo jẹ ọ́ lọ́jọ́ kan. Kò ní alága, kò ní akọ̀wé, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń gbàgbé oko tó kàn. Ẹnikẹ́ni tó bá sì ti forúkọ sílẹ̀ lórí OpenStreetMap lè tún máàpù ṣe. Kò sẹ́ni tí yóò bi í pé ẹgbẹ́ wo ló rán an wá. (Àyè wà níbẹ̀ fún orúkọ Yorùbá tòun ti àmì ohùn, name:yo ni wọ́n ń kọ sí i. Ì bá wù mí ká fi ìjà yìí jà síbẹ̀.)

Owó ni kì í jẹ́ kí àáró pẹ́. Lọ́dún tó kọjá, ẹnìkan fi owó dáta ránṣẹ́ sí wa, ó gba inú àkáǹtì ọ̀kan nínú wa. Onítọ̀hún ò jẹ kọ́bọ̀, mo wà níbẹ̀. Síbẹ̀, àwa kan ò tíì kí ara wa dáadáa títí di òní.

Ìwé ìjọba ló lè gbà wá lọ́wọ́ ìyẹn, ṣùgbọ́n ìwé méjì la ń dà pọ̀. Ti CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, ni àkọ́kọ́: bí CAMA 2020, òfin tó de iléeṣẹ́ àti ẹgbẹ́, ṣe là á sílẹ̀, a ó polongo nínú ìwé ìròyìn méjì, a ó fún alátakò ní ọjọ́ 28, lẹ́yìn náà a ó máa jábọ̀ lọ́dọọdún. Ìyẹn ló ń ṣí àkáǹtì lórúkọ ẹgbẹ́. Àdéhùn pẹ̀lú àjọ OpenStreetMap ni ìkejì, òun ló ń sọni di "chapter", odindi orílẹ̀-èdè ló sì wà fún ní Ítálì àti Jámánì tí mo dárúkọ. Èmi ò rí ohun tí Ifẹ̀ nìkan fẹ́ fi ṣe. Bó bá di dandan ká sọ ọ́ lórúkọ, mo dábàá *ẹgbẹ́ aládéhùn*: oní àti àdéhùn, bí oní àti àṣẹ ṣe di aláṣẹ.

*

Èsì láti Iléṣà:

Àbúrò, mo ti gbọ́. Mo jọ̀wọ́ ẹ̀ka. Àmọ́ "aládéhùn" yẹn, tún un rò. Kà á sókè fún ẹni tí kò rí i lójú ìwé: aládé ló máa gbọ́ kí "hùn" tó dé. Ilé-Ifẹ̀ lẹ sì wà! Ẹ ò ní tíì yan akápò tí ẹjọ́ adé á fi wọ̀ ọ́.

Ìyàwó mi, tó ń gba àjọ lọ́jà Àtàkúmọ̀sà, bi mí pé kí ni mo ń kà tí mo ń dá rẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé. Ó ní, "Ẹgbẹ́ oníwèé nìyẹn." Mo ní ìwé méjì ni. Ó ní, "Ẹ pe ọ̀kan ní oníwèé ìjọba, kẹ́ ẹ pe ìkejì ní oníwèé àdéhùn. Èló lowó ọ̀hún gan-an tẹ́ ẹ ń torí ẹ̀ wáwèé?"

Mi ò rí èsì fún un. Èló ló kù nínú àkáǹtì yẹn?