Mo fẹ́ gbé àpò kọ́yìn rin gúúsù Yúróòpù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: ṣé owó ọwọ́ mi tó?

Ìbéèrè

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Mo ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè kejì ní ìlú Leeds, páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni mo sì ń lò. Bí mo bá ti fi iṣẹ́ ìwádìí mi sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, mo fẹ́ gbé àpò kan ṣoṣo kọ́yìn, kí n lo ọjọ́ 21 ní gúúsù Yúróòpù. Lisbon ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, kí n gba Seville, Barcelona, Róòmù àti Naples, kí n sì parí rẹ̀ sí Athens. Lẹ́yìn owó físà àti owó ọkọ̀ òfuurufú àlọ àti àbọ̀, 1,000 pọ́n-ùn ni yóò ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́, èyí tí kò tó 48 pọ́n-ùn fún ojúmọ́ kan. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ra tíkẹ́ẹ̀tì Interrail, èyí tí a fi ń wọ rélùwéè káàkiri Yúróòpù. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé owó yìí lè gbé mi dé ibẹ̀ kó sì gbé mi bọ̀? Mi ò dá rìnrìn àjò rí, ẹ̀rù sì ń bà mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ó wù mí dọ́kàn.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ kan ní Lọ́ńdọ̀nù

Àbúrò mi, o kú ìmúra. Owó yẹn tó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, àmọ́ kò tó fún ìlú mẹ́fà. Ẹni tó bá ń sáré láti Lisbon dé Athens, owó ọkọ̀ ni yóò jẹ ẹ́ run kí oúnjẹ àti ibùsùn tó kàn án. Má ra Interrail yẹn, nítorí pé ní Sípéènì àti Ítálì, ẹni tó ní in lọ́wọ́ ṣì máa ń san owó ìjókòó lọ́tọ̀ kó tó lè wọ rélùwéè tó ń sáré. Tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì tí a bá tètè rà sàn jù fún irú ìrìn tìrẹ.

Físà ni kí o fi to ọ̀nà rẹ. Orílẹ̀-èdè tí o bá máa pẹ́ sí jù lọ ni o gbọ́dọ̀ lọ tọrọ físà Schengen lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn físà kan ṣoṣo tó kárí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù. Bí ọjọ́ bá dọ́gba, èyí tí o bá kọ́kọ́ wọ̀ ni. Wọ́n ń gba ìwé láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ ìrìn àjò, o sì gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀ nígbà tó bá ṣì ku ọjọ́ 15 ó kéré tán, nítorí náà má dúró di ìgbà tí iṣẹ́ ìwádìí bá parí. Owó rẹ̀ jẹ́ Yúrò 90, wọ́n á sì béèrè ìnṣọ́ránsì ìrìn àjò tó lè san Yúrò 30,000 ó kéré tán. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń kọsẹ̀ ni owó tí a ní láti fi hàn, torí pé kò rí bákan náà níbi gbogbo. Òfin ilẹ̀ Potogí béèrè Yúrò 75 fún wíwọlé àti Yúrò 40 fún ojúmọ́ kọ̀ọ̀kan, èyí tó jẹ́ Yúrò 915 fún ọjọ́ 21 rẹ. Ti Sípéènì ju Yúrò 100 lọ fún ojúmọ́. Ṣé o rí i pé owó tó tó ní ọ̀dọ̀ ti àkọ́kọ́ kò tó ìdajì ní ọ̀dọ̀ èkejì?

Bó bá jẹ́ èmi ni, màá lo ọjọ́ 12 ní Porto, Lisbon àti Lagos ti ilẹ̀ Potogí, kí n fi bọ́ọ̀sì kọjá sí Seville, kí n sì parí rẹ̀ sí Granada. Ṣùgbọ́n má tọrọ físà lọ́wọ́ Potogí kí o wá lọ lo ọjọ́ tó pọ̀ jù ní ibòmíràn. Àwọn tó máa fún ọ ní físà lọ́jọ́ iwájú ń wo ohun tí o fi ti àkọ́kọ́ ṣe.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Manchester

Ọmọ mi, Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lọ, á sì ṣọ́ ọ bọ̀. Ọ̀rọ̀ àpò ni mo fẹ́ sọ. Nígbà tí mo lọ ní ọdún kan, mo ti fi aṣọ òtútù kan kún àpò mi ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ òfuurufú, ọmọbìnrin tó ń ṣàyẹ̀wò ní kí n ti àpò náà bọ inú àpótí irin tí wọ́n fi ń wọn ẹrù. Ó wọlé dé ìdajì, ó sì há. Mo fi orúnkún tì í, kò lọ. Owó tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi níbẹ̀ ju owó ọkọ̀ gan-an lọ. Wọn àpò rẹ nílé pẹ̀lú ẹrù nínú, má wọ̀n ọ́n lófìfo.

Yàrá àwọn obìnrin nìkan wà ní ọ̀pọ̀ họ́sítẹ̀lì. Èyí tó ní ilé ìdáná ni kí o yàn, kí o sì mú àgádágodo tìrẹ lọ. Ọ̀sán ni kí o jẹun gidi ní Sípéènì, nítorí pé oúnjẹ ọ̀sán tí wọ́n ń pè ní menú del día máa ń jẹ́ abọ́ méjì, búrẹ́dì àti ohun mímu ní iye kan ṣoṣo. Ní Granada, bí o bá ra ohun mímu, wọ́n á gbé oúnjẹ díẹ̀ tì í láìgba kọ́bọ̀. Fún ààfin Alhambra, ra tíkẹ́ẹ̀tì rẹ kí o tó kúrò nílé, nítorí pé ó máa ń tán.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ kan tó ti gbé ní Ítálì

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ Ítálì kúrò pátápátá. Rélùwéè Regionale wọn, ìyẹn èyí tí kì í sáré púpọ̀, kì í gbówó lérí, bó ṣe wù kó pẹ́ kí a tó rà á. Kí o ṣáà ti lu tíkẹ́ẹ̀tì oníwèé ní òǹtẹ̀ kí o tó wọlé, torí mo ti san owó ìtanràn nítorí ìyẹn rí. Omi ẹ̀rọ ojú pópó Róòmù dára fún mímu, ọ̀fẹ́ sì ni.

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ kan ní Lisbon

Òótọ́ ni ohun tí ẹ̀gbọ́n wí nípa Ítálì, àmọ́ owó ọkọ̀ àtibí dé ọ̀hún ni ìṣòro. Tí o bá dé Lisbon, di àpò rẹ mú síwájú nínú tíráàmù 28, ọkọ̀ ojú irin tó ń rìn láàárín ìgboro, èrò ibẹ̀ pọ̀, àwọn ọlọ́wọ́ kíá sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Má fo Lagos. Orúkọ kan náà ni àwọn Potogí fi pe Èkó tiwa. Etíkun Lagos ti Potogí yìí ni wọ́n ti pín àwọn ènìyàn 235 tí wọ́n kó lẹ́rú dé láti Áfíríkà ní ọdún 1444. Ní ọdún 2009, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́lẹ̀ fún ibi ìgbọ́kọ̀sí níbẹ̀, wọ́n rí egungun ènìyàn tó ju 150 lọ. Èmi jókòó sórí bẹ́ńṣì ní gbàgede tó wà níwájú ilé tí wọ́n ń pè ní ọjà ẹrú, mi ò lè dìde fún ìgbà pípẹ́.

Èsì láti ọ̀dọ̀ ẹni tó béèrè

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti màmá mi. Mo ti yọ Barcelona, Róòmù, Naples àti Athens kúrò. Porto ni màá ti bẹ̀rẹ̀, Lagos á sì gba òru mẹ́ta. Ó ku ìbéèrè kan: ṣé mo lè gbé gàrí àti kilíṣí dání kí n má baà náwó púpọ̀ lórí oúnjẹ?

Ìdáhùn láti ọ̀dọ̀ ìyá ní Manchester

Gbé gàrí rẹ, ọmọ mi. Fi kilíṣí sílẹ̀ nílé, nítorí pé wọn kì í gba ẹran àti wàrà wọlé láti Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ ni. Rí i pé páásípọ́ọ̀tù tí o mú lọ ni o so mọ́ físà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún ọ, torí òun ni wọ́n máa yẹ̀ wò nígbà tí o bá ń bọ̀.