Amùjẹ̀ kọ́ lorúkọ ohun tó ń gbé inú ẹ̀jẹ̀ ẹja

Ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú ìjíròrò wa lórí orúkọ Yorùbá tó yẹ àwọn ohun tó ń gbé inú ẹ̀jẹ̀ ẹja odò, mo rí i pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbà kí a máa pe gbogbo wọn ní "amùjẹ̀". Ọ̀rọ̀ náà dùn lẹ́nu lóòótọ́, àmọ́ ó ti ní olóhun. Eṣúṣú ló ni ín. Eṣúṣú ló ń lẹ̀ mọ́ ara ẹja, tí yóò mu ẹ̀jẹ̀ yó kó tó já bọ́. Kòkòrò tí à ń wá orúkọ fún, èyí tí wọ́n ń pè ní Trypanosoma lédè sáyẹ́ǹsì, kì í mu ẹ̀jẹ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń lúwẹ̀ẹ́ kiri, ohun tó bá yòrò sínú omi ẹ̀jẹ̀ ló ń jẹ. Tí eṣúṣú bá fa ẹ̀jẹ̀ ẹja tó ní in, kòkòrò náà á máa bí sí i nínú eṣúṣú, á sì gba ẹnu rẹ̀ wọ ara ẹja mìíràn. Ṣé a ó wá máa sọ pé amùjẹ̀ ló gbé amùjẹ̀ wọlé ni?

Ẹ wo bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó kọ́kọ́ rí i ṣe sọ ọ́ lórúkọ. Lọ́dún 1841, Valentin rí i nínú ẹ̀jẹ̀ ẹja trout. Lọ́dún 1843, Gruby rí irú rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àkèré, ó sì pè é ní Trypanosoma. Gíríìkì ni: ìlu tí wọ́n fi ń dá igi lu, àti ara. Oúnjẹ rẹ̀ kọ́ ló wò, bó ṣe ń yí ara ló wò. Ẹni tó bá kán ẹ̀jẹ̀ irú ẹja bẹ́ẹ̀ sórí gíláàsì lábẹ́ maikirosíkóòpù á rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa (àwọn ohun tín-ín-rín tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pọ́n) ni yóò kọ́kọ́ máa ta gìrì, tí wọ́n á máa sún síhìn-ín sọ́hùn-ún, kí ojú tó bá nǹkan tín-ín-rín tó ń lọ́ bí ejò láàárín wọn. "Abara-bí-ìlu" ni tèmi fún un. Ìbátan rẹ̀, Trypanoplasma, ní ìrù méjì níbi tí tirẹ̀ ti jẹ́ ẹyọ kan; "onírùméjì" tó o.

Ẹnì kan nínú yín ní àfòmọ́ ò lè jẹ́ orúkọ àpapọ̀ fún gbogbo wọn torí pé orí igi ló ń hù. Tóò. Ṣé igi nìkan làwọn àgbà ń bá wí nígbà tí wọ́n ní àfòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ní í bá tan? Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lórí igi. "Àfòmọ́ inú ẹ̀jẹ̀" ni kó kó gbogbo wọn pọ̀.

"Aràn ẹ̀jẹ̀" dára, ṣùgbọ́n Sanguinicola nìkan ló tọ́ sí. Aràn gidi nìyẹn, ara ìgbín ló ti ń jáde wá bá ẹja, kò bá eṣúṣú da nǹkan pọ̀. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ń yé sí; ẹyin á ṣàn lọ há síbi tí ẹja fi ń mí, ọmọ á jáde nínú ẹyin níbẹ̀, á sì dá ibẹ̀ lu bọ́ sómi. Abara-bí-ìlu kì í ṣe aràn rárá, sẹ́ẹ̀lì kan péré ni gbogbo ara rẹ̀.

Ó ku àwọn tó ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì pupa gan-an lọ jókòó. "Agbénú-sẹ́ẹ̀lì" ni mo ní lọ́wọ́, ó sì wúwo lẹ́nu. Ẹni tó bá ní èyí tó fúyẹ́, kó mú un wá.