Abẹ́rẹ́ eplontersen fún bàbá mi: báwo la ṣe ń gbé e lọ sílé?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ forí jì mí bó bá gùn díẹ̀.

Ọ̀dọ̀ wa ní Houston ni bàbá mi wà, ẹni ọdún 69. Àtẹ́lẹsẹ̀ wọn ò mọ ilẹ̀ mọ́. Àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní V122I, àyípadà kan nínú jíìnì TTR tó wà láàárín àwa ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dáadáa. Púrótéènì tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe láti inú jíìnì yìí ló ń dì sí iṣan ìmọ̀lára àti ọkàn wọn.

Dókítà ní ká bẹ̀rẹ̀ eplontersen, abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Yóò lẹ̀ mọ́ iṣẹ́ tí jíìnì náà ń rán pé kí ẹ̀dọ̀ ṣe púrótéènì náà, iṣẹ́ tó rán á bàjẹ́, púrótéènì á sì dínkù. Abẹ́rẹ́ náà ò yí jíìnì fúnra rẹ̀ padà, nítorí náà a ò gbọdọ̀ dá abẹ́rẹ́ dúró. Ó ń fa fítámì A sílẹ̀, a ti ra oníhóró. A ro vutrisiran náà, abẹ́rẹ́ mìíràn tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ló ń fún un, Bàbá sì fẹ́ lo oṣù mẹ́rin ní Ìbàdàn. Inú fíríìjì ni eplontersen ń gbé, ẹ sì mọ ọ̀rọ̀ iná wa. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ sílé, báwo lẹ ṣe tọ́jú rẹ̀ tí kò fi bàjẹ́?

Mo dúpẹ́ ṣáájú o.