Ìmọ̀ràn: ibi tí ẹṣin mi 2 máa gbé

Àkẹ́kọ̀ọ́ Ẹlẹ́ṣin: Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Inú ibùso ni ẹṣin mi 2 ń wà láti ìrọ̀lẹ́ dòwúrọ̀. Ọ̀kan ti ń gé igi ilẹ̀kùn jẹ, èkejì kàn ń fi orí fì sọ́tùn-ún sósì ṣáá. Ilẹ̀ mi ò tó éékà 2. Kí ni kí n ṣe?

Bàbá Agẹṣin: Ìdúró sójú kan ló ń dà wọ́n láàmú, ọmọ mi. Ẹṣin tó bá wà fúnra rẹ̀ lè jẹko tó wákàtí 16 lójúmọ́. Omi kíkan inú ikùn rẹ̀ kì í sinmi, itọ́ ló sì ń rọ̀ ọ́ lójú, bẹ́ẹ̀ ìgbà tó bá ń jẹun nìkan ni itọ́ ń dà. Bí ẹnu bá dilẹ̀ láti alẹ́ mọ́jú, ọgbẹ́ inú dé nìyẹn. Fa okùn ọgbà tí iná mànàmáná ń gba inú rẹ̀ kọjá, èyí tó fẹ̀ tí wọ́n á rí dáadáa, yí àárín ilẹ̀ náà ká, kí etí rẹ̀ di ọ̀nà tó fẹ̀ tó bíi mítà 4 tó yípo. Gbé omi síhìn-ín, koríko gbígbẹ sí òdìkejì, iyọ̀ sí ibòmíràn. Ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n á fi wá a lọ.

Ìyá Ọlọ́gbà: Òótọ́ ni bàbá sọ, àmọ́ má fi kọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀ o! Èmi fi ọ̀kan sílẹ̀ lẹ́yìn àtíbàbà. Akọ ńlá há abo kékeré mọ́bẹ̀, ó ta á nípàá ní itan, ọ̀sẹ̀ 3 ló fi tiro. Àtíbàbà pàápàá, ẹnu ọ̀nà 2 ni kó ní.

Àkẹ́kọ̀ọ́ Ẹlẹ́ṣin: Ẹ ṣé, mà. Koríko tútù tó wà láàárín ńkọ́? Ṣé kí n máa jẹ́ kí wọ́n wọ̀ ọ́?

Ìyá Ọlọ́gbà: Díẹ̀díẹ̀ ni, pàápàá bí wọ́n bá sanra. Ṣúgà inú koríko tútù máa ń mú kí inú pátákò wú, ìrora rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ ni kó o kó koríko gbígbẹ sí, á pẹ́ lẹ́nu wọn.

Bàbá Agẹṣin: Da òkúta wẹ́wẹ́ sí ibi omi, kó má di ẹrẹ̀, pátákò á tún le sí i. Kó iyanrìn jọ síbi tó ga jù. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa yíràá. Lọ́jọ́ tó o bá rí i tí ọ̀kan nà gbalaja tó ń sùn, tí èkejì dúró tì í ń ṣọ́ ọ, wá sọ fún wa.